Kóòtù Ọkọ Tíṣà

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹni tó ń ṣe é bá ṣe é dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó ṣe nǹkan kan. Obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bí òólá bá jẹ aṣọ tó dára, tàbí iná sìgá ta sí i, tàbí ìṣó fà á ya, òun ni wọ́n máa ń gbé e wá bá. Kì í lẹ aṣọ mọ́ aṣọ, kì í sì í fi ẹ̀rọ rán an. Ó máa ń mú òwú níkọ̀ọ̀kan, á fi abẹ́rẹ́ hun ún wọ ojú aṣọ náà, lókè, nísàlẹ̀, lókè, nísàlẹ̀, títí ihò á fi padà di aṣọ. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Má-jẹ́-ó-hàn. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó máa ń kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń pè.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà. Èèyàn á kọjá láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tí wọ́n gbé kọ́ sórí irin, á kọjá lára ẹ̀rọ tó ń tú èéfín gbígbóná, kó tó kan ilẹ̀kùn kékeré kan tí kì í pa dé dáadáa. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àga kan, fèrèsé kan tí oòrùn kì í wọ̀ tààrà, àti ọṣẹ gbígbẹ kan tí abẹ́rẹ́ mẹ́rìndínlógún gún sí lára. Kì í tan iná ṣiṣẹ́. Ó ní iná máa ń purọ́ nípa àwọ̀, pé aṣọ tí èèyàn pè ní dúdú lábẹ́ gílóòbù, bó bá jáde síta, ó lè di búlúù. Nítorí náà, bí ojúmọ́ bá ti ń rọlẹ̀, á ká iṣẹ́ rẹ̀, á lọ sílé.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń bá a gbé nínú ilé ọ̀hún. Bàtà ni àbúrò yìí ń tà lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Bí ẹ̀gbọ́n bá sọ gbólóhùn kan láti àárọ̀ dalẹ́, àbúrò á ti bá a sọ ìyókù.

Láyé àtijọ́, iṣẹ́ wà. Alágbàfọ̀ lè kó aṣọ mẹ́wàá, méjìlá wá lọ́sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n aṣọ wá pọ̀ nígboro bí ewé, ẹni tí tiẹ̀ bá ya á jù ú nù, á ra òmíràn, kò sì ní ronú lé e lórí. Lọ́jọ́ kan, alágbàfọ̀ wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fi aṣọ ìnura nu ọrùn.

"Àǹtí, oṣù tó kọjá, kóòtù méjì péré. Ẹ ò ro nǹkan míì?"

"Nǹkan míì bíi kí ni?"

"Ẹ ṣáà máa rò ó."

Nígbà tó sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀, inú ìyẹn dùn. Ó ti ń retí ọjọ́ náà tipẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí kò bá sí lórí fóònù, kò sí láyé. Ẹ jẹ́ ká máa ya fọ́tò iṣẹ́ yín, ká máa gbé e síta."

"Fọ́tò kí ni? Fọ́tò ibi tí kò sí nǹkan?"

"Ẹ ya ihò náà kí ẹ tó dí i, kí ẹ tún ya ojú ibẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dí i tán. Ṣé ìyẹn náà le ni?"

"Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà."

"Àkísà yẹn gan-an ni mo ní kẹ́ ẹ yà."

Àbúrò ra dígí kékeré kan tí wọ́n ń há mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù, èyí tó ń mú kí òwú tín-ín-rín rí gbàgìdì bí okùn ìfami. Ó wá kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní nǹkan méjì. Èkíní ni gígé. Gbogbo ohun tí kò bá kan oníbàárà ni kó gé kúrò nínú fọ́tò: etí tábìlì, ife tíì, orí ìka tó yọjú. Èkejì ni fífún pọ̀. Fọ́tò tí èèyàn bá yà máa ń wúwo, á jẹ dátà, á sì ti sú ẹni tó wà lọ́nà jíjìn kó tó ṣí. Kó tó fi í ránṣẹ́, kó kọ́kọ́ dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Gígé yá Má-jẹ́-ó-hàn lára, nítorí àlùmọ́gàjí kì í ṣe àjèjì sí i. Fífún pọ̀ ni kò yé e.

"Ìyókù dà?" ló béèrè.

"Ìyókù wo?"

"O ní ó ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Níbo ni mẹ́sàn-án yòókù gbà lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tẹ nǹkan yẹn jàre."

Ó tẹ̀ ẹ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn èèyàn ti mọ ojú ìwé rẹ̀ lórí ayélujára. Fọ́tò méjì ló máa ń wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nígbà gbogbo: ihò, àti ibi tí ihò wà tẹ́lẹ̀. Ó máa ń gé wọn mọ́ra gan-an, tó jẹ́ pé ojú òwú nìkan ni èèyàn á máa wò. Àwọn òǹwòran á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ihò ọ̀hún dà? Ẹ bá mi wá a o!" Ẹlòmíì á ní òun ti wá a títí, ojú ń dun òun. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá nínú páálí láti ibi tí òun fúnra rẹ̀ kò dé rí, alágbàfọ̀ náà kò sì dárúkọ nǹkan míì mọ́.

Bí kóòtù tíṣà ṣe dé nìyẹn. Tíṣà yìí ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sínú páálí náà. Ọkọ òun ló ni kóòtù, ó ti di olóògbé láti ọdún mẹ́rin. Òólá ti jẹ ihò sí i láyà, ihò tó fẹ̀ tó ìka méjì. Ọmọ òun ọkùnrin fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ tuntun, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi í ní ohun tó ṣe é láyà. Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé, bí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n jẹ́ kí òun rí gbogbo kóòtù lórí fóònù kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, pé òun kò fẹ́ fọ́tò ibi kékeré tí wọ́n máa ń gbé síta.

Aṣọ onírun àgùntàn ni. Igun dúdú àti igun funfun ló kún ojú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju orí ìṣáná lọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Má-jẹ́-ó-hàn fi dí ihò náà, pẹ̀lú awò lójú. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó gbé kóòtù síbi fèrèsé, ó wo àyà rẹ̀, kò rí ojú ibẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ dùn. Kì í sọ ọ́ síta bí inú rẹ̀ bá dùn, ṣùgbọ́n ife tíì méjì ló mu lọ́jọ́ náà.

Ó fi hángà gbé kóòtù kọ́, ó sún sẹ́yìn, ó ya gbogbo iwájú rẹ̀. Fọ́tò náà wúwo, fóònù tíṣà sì ti gbó, nítorí náà ó fún un pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó fi í ránṣẹ́ sí tíṣà, ó gbé e sójú ìwé rẹ̀ fún gbogbo ayé, ó sì jókòó ti iṣẹ́ míì. Kò ṣí èyí tó fún pọ̀ náà wò. Ta ló ń tún aṣọ tó ti mọ́ wò?

Kó tó di ọ̀sán, tíṣà ti kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀. "Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí fi kóòtù ọkọ mi ṣe. Ihò kan ni mo fi ránṣẹ́, gbogbo ara aṣọ ló wá bà jẹ́. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ṣọ́ra o."

Òótọ́ ni, ohun tó wà nínú fọ́tò náà kò dára. Láti èjìká dé ìsàlẹ̀, ìlà fẹ̀ǹfẹ̀ ń dìde, ó ń lọ sílẹ̀, bí omi odò tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Kóòtù náà rí bí ohun tí wọ́n bọ̀ sómi gbígbóná tí wọ́n tún fún. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn àgbà kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹyin á máa bọ́ níwájú ẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ní òun ti fura tipẹ́. Ẹnì kan tí kò tíì ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ rí láyé rẹ̀ ṣàlàyé irú ọṣẹ tó fà á. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, àwọn oníbàárà méjì ti kọ̀wé pé kí wọ́n dá aṣọ àwọn padà bó ṣe wà, pẹ̀lú ihò rẹ̀. Alágbàfọ̀ náà yọjú.

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn o. Ẹ̀rọ tèmi kọ́ ló bà á jẹ́."

Orúkọ Má-jẹ́-ó-hàn yẹn nìkan ni obìnrin náà ní. Kò ní ẹ̀rọ, kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹnì kan tó lè nàka sí iṣẹ́ kan lára aṣọ ẹnikẹ́ni pé òun ló ṣe é. Bí orúkọ náà bá bàjẹ́, a jẹ́ pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti lọ láìsí ẹ̀rí. Ẹ̀rù bà á gidi.

Ó gbé kóòtù sórí tábìlì. Ó ka òwú rẹ̀, ó pé. Ó fi ọwọ́ pa á, ó tẹ́jú. Ó gbé fóònù tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: aṣọ tẹ́jú, fọ́tò ń ru. Àbúrò rẹ̀ gba fóònù, ó mú fọ́tò àkọ́kọ́, ó tún un fún pọ̀, ṣùgbọ́n kò fún un tó ti tẹ́lẹ̀. Ìgbì náà yí, ó wá ń lọ ní ìbú. Ó tún un ṣe ní ọ̀nà mìíràn, ó di òrùka-òrùka.

"Ṣé àjẹ́ wà nínú fóònù yìí ni?" ni àbúrò béèrè.

"Aṣọ tó bá bàjẹ́, ojú kan náà ni ìbàjẹ́ rẹ̀ máa ń wà," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Èyí ń ṣípò. Kò sí lára aṣọ."

Ó jókòó, ó ń wo fọ́tò náà bí ẹni ń wo aṣọ oníbàárà. Bó ti ń fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ó rí i pé fọ́tò náà ní òwú tirẹ̀, ẹyọ kéékèèké tí wọ́n tò lóòró àti ní ìbú. Ìbéèrè tí àbúrò rẹ̀ kò dáhùn níjọ́sí, ó wá dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí èèyàn bá fún fọ́tò pọ̀, òwú ló ń yọ sọnù: á mú ọ̀kan, á fo mẹ́ta. Ojú kóòtù náà sì ń ka tirẹ̀ lọ, dúdú, funfun, dúdú, funfun. Ẹni méjì tó ń ka nǹkan kan náà pa pọ̀, tí ọ̀kan wá ń fò níbi tí èkejì kò ti fò, ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìjà yẹn ni tíṣà rí tó pè ní ìbàjẹ́. Àwọn fọ́tò ti tẹ́lẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ó máa ń gé wọn mọ́ra, òwú wọn tóbi ju ohun tí wọ́n lè fò lọ.

"Má fún un pọ̀ mọ́," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "Gé e nìkan."

Wọ́n ya àyà kóòtù ní tòsí, wọ́n gé ìwọ̀n èékánná kan níbi tí ihò wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bó ṣe rí. Ó fúyẹ́ nítorí ó kéré. Kò sí ìgbì kankan. Òwú dúdú, òwú funfun, kedere. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí tíṣà, wọ́n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì retí kó tọrọ àforíjì.

Ohun tí tíṣà kọ ni pé: "Níbo ni ihò wà nínú èyí? Aṣọ tuntun lẹ gé, tẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ ti ba tèmi jẹ́, ẹ wá ń wá òmíràn fi rọ́pò. Mi ò gba kóòtù ẹlòmíì. Kóòtù ọkọ mi ni mo fẹ́."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Fọ́tò tí kò dáa, ẹ ba aṣọ jẹ́. Fọ́tò tó dáa, ẹ jí aṣọ. Kí lobìnrin yìí fẹ́ gan-an?"

Má-jẹ́-ó-hàn mọ ohun tí tíṣà fẹ́. Ó fẹ́ rí ọkọ rẹ̀ lára aṣọ náà, ẹyọ òwú kan kì í sì í ṣe ọkọ ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí òun bá fi kóòtù náà ránṣẹ́ báyìí, tí tíṣà kò bá gbà á, tó dá a padà níṣojú gbogbo èèyàn pé wọ́n fi òmíràn rọ́pò, kò sí iṣẹ́ mọ́ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè fi hàn án, ohun tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í fi han oníbàárà.

Òwú tí wọ́n fi ń dí ihò kì í ti ọjà wá. Ara aṣọ náà ni wọ́n ti ń yọ ọ́, níbi tí ojú kò lè dé, lábẹ́ etí tí wọ́n ṣẹ́ sínú. Ihò kò parẹ́ rárá, wọ́n kàn ń gbé e láti ojú wá sí abẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ẹni tó bá fi ibẹ̀ han oníbàárà ti ba ara rẹ̀ jẹ́, nítorí oníbàárà á gbàgbé ihò tó gbé wá, á máa sunkún èyí tó bá lábẹ́.

Ó yí kóòtù padà. Ó tú díẹ̀ lára aṣọ inú, ó sì ṣí etí ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ibi tó ti yọ òwú rí játijàti. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹnì kan ti fi òwú bíráùn rán aṣọ inú mọ́ etí kóòtù nígbà kan rí, rírán wíwọ́, gígùn níhìn-ín, kúkúrú lọ́hùn-ún, lára kóòtù dúdú àti funfun. Ó ya gbogbo rẹ̀.

Àbúrò gba fóònù. "Ẹ jẹ́ ká gé apá bíráùn yìí kúrò. Àwọn èèyàn á rò pé ẹ̀yin lẹ rán rádaràda yìí."

"Má gé e."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú á tì yín o."

"Gígé ló kó mi sí wàhálà. Bí mo bá tún gé nǹkan kan, á ní mo fi nǹkan kan pa mọ́. Má sì fún un pọ̀."

"Háà, dátà mi!"

Fọ́tò náà lọ bó ṣe wúwo tó, pẹ̀lú etí tábìlì àti ìdajì ife tíì nínú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó lọ tán. Tíṣà kò fèsì lọ́jọ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Má-jẹ́-ó-hàn jókòó sídìí tábìlì, kò lè fọkàn sí iṣẹ́ kankan. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Kóòtù náà wà níwájú rẹ̀ ní ṣíṣí, etí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ di pípa dé. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé òwú bíráùn yẹn, ó fà á yọ, ó sì fi òwú dúdú rán gbogbo etí náà padà, ó mọ́, ó gún, bí ó ti yẹ kí ẹni tó ní ọwọ́ rán aṣọ. Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀sán ni èsì dé. Ojú ìwé, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á, ni tíṣà kọ́kọ́ kọ ọ́ sí: "Kóòtù ọkọ mi ni. Mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí arábìnrin yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi dá sí i, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Àbúrò pariwo, ó jó yí tábìlì ká, alágbàfọ̀ sì sáré wá wo ẹni tó jóná. Lẹ́yìn náà ni ohùn tíṣà wọlé, èyí tó gbà sílẹ̀ fún Má-jẹ́-ó-hàn nìkan.

"Ẹ má bínú sí mi, ẹ jọ̀ọ́. Òwú bíráùn tẹ́ ẹ rí yẹn, èmi ni mo rán an. Ọdún kẹrìndínláàádọ́ta rèé. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ mi ń lọ gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni, etí kóòtù já, òwú dúdú tán nílé. Ó wọ kóòtù náà sọ́rùn, ó dúró, mo kúnlẹ̀ mò ń rán an, à ń jà. Ó ní mo ń pa òun lára, mo ní kó dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tówó dé, mo ní kó jẹ́ kí aránṣọ tún un rán, ó kọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, àfìgbà tí mo rí fọ́tò yín. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá ń pa etí rẹ̀ dé, ẹ má tú u."

Àbúrò dáwọ́ ijó dúró. Àwọn méjèèjì wo etí kóòtù náà, ó dúdú, ó gún régé.

Má-jẹ́-ó-hàn da agolo tó ń kó ìdọ̀tí òwú sí sórí bébà funfun. Ó rí òwú bíráùn náà nínú rẹ̀, ó ti gé e sí méje. Ó so wọ́n pọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kókó tí ojú kò lè rí. Ó tú òwú dúdú tirẹ̀ kúrò. Ó ṣí fọ́tò tí wọn kò gé, tí wọn kò fún pọ̀, ó fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí ó fi lè ka rírán náà níkọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta àkọ́kọ́ gùn. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e rọ́ra wọn lé. Ibì kan wà tí abẹ́rẹ́ ti yẹ̀, ó dájú pé ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti mira. Ojú ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ ṣì wà lára aṣọ inú, inú wọn ló ń gbà padà. Ọjọ́ kan gbáko ló fi rán bí ẹni tí kò mọ aṣọ í rán. Nígbà tó parí, kóòtù àti fọ́tò jọ ara wọn bí ìbejì.

"Ó ti tán nìyẹn," ni àbúrò wí. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Ẹ dì í sínú páálí."

Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe, kò sí èyí tó fara sin tó o. Ojú wá tì í. Aṣọ ló ti ń bá fi ihò pa mọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ṣùgbọ́n oníbàárà ló máa ń gbé ihò yẹn wá fúnra rẹ̀, tó máa ń mọ̀ pé ó wà. Èyí, òun ló dá a. Ó mú bébà, ó kọ lẹ́tà.

"Mọ́mì, mo ti tú òwú yín kí ohùn yín tó dé. Òwú náà ni mo fi rán an padà, ojú ihò náà ni mo gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni, kì í ṣe ọwọ́ yín. Mi ò mọ bí mo ṣe lè tún èyí ṣe. Ẹ dárí jì mí."

Àbúrò kà á, ó lu ọwọ́ pọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, irú òótọ́ wo lèyí? Àná lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ẹjọ́ kan. Obìnrin yìí á tún gbé yín sórí ayélujára, lọ́tẹ̀ yìí á ní ẹ̀rí lọ́wọ́."

"Kó gbé e."

Wọ́n di páálí, wọ́n fi ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá. Lójoojúmọ́, Má-jẹ́-ó-hàn á ṣí ojú ìwé rẹ̀ wò kó tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, tí kò bá sì sí nǹkan kan níbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn oníbàárà méjì yẹn ti ní kí wọ́n máa bá tàwọn lọ. Ti tíṣà nìkan ló kù.

Ọjọ́ kẹwàá ni fọ́tò wọlé láti ọ̀dọ̀ tíṣà. Ó dúdú, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì rẹ̀ jẹ́ àtàǹpàkò. Etí kóòtù náà ni. Òwú bíráùn kan náà ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n rírán náà ti burú ju ti fọ́tò àkọ́kọ́ lọ, ó ń lọ síbi tó wù ú. Ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Mo wo tiyín títí, mi ò rí ìyàtọ̀. Ká ní ẹ ò sọ ni, mi ò bá kú láìmọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti wá mọ̀, mi ò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀. Mo ti tú u, mo ti fọwọ́ ara mi rán an. Ọmọ mi dúró, ó wọ̀ ọ́ sọ́rùn, ó ti ń pẹ́ débi iṣẹ́, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n. Ó ní mo ń pa òun lára. A jà."